Ìtẹ́ Olóńgo, Ẹsẹ̀ Bàbá

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. A lọ sí ọsibítù, a bọ̀. Dókítà ní ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá ti kú, pé kí a jẹ́ kí wọ́n gé e lọ́sẹ̀ yìí kí ó má baà kó ran àwọn tó kù. Ṣúgà tó wà lára rẹ̀ kò ní jẹ́ kí egbò yẹn jiná. Ìka kan péré ni, kò ní pẹ́ tí Bàbá á fi máa rìn padà. Bàbá fetí sílẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó dúpẹ́, ó kí dókítà kú iṣẹ́. Inú mi dùn. Mo gọ̀.

Ìgbà tí a délé ló tó sọ̀rọ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi yíjú sí àgò ẹyẹ rẹ̀ ní bàráńdà ẹ̀yìn, ó ní olóńgo òun ti yé, wọ́n ti ń sàba, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú bíi tòun. Ó di ìgbà tí ọmọ wọn bá fò kí òun tó lọ fún dókítà ní ìka.

Mo ní, "Bàbá, nítorí ẹyẹ?"

Ó ní, "Nítorí ẹyẹ ni. Bí wọ́n bá ti fò, màá bá ọ lọ. Mo ti sọ ọ́, kò yẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Mo pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù. Òun ni àkọ́bí, òun ló jìnnà jù, òun náà ló sì mọ èèyàn í gbà nímọ̀ràn jù. Ó ní Bàbá kì í ṣe ọmọdé, kí n má fi agbára mú un, kí àwọn èèyàn má lọ sọ pé nítorí kí n lè jogún ilé ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n."

Mo ní kí ó wá bá mi pa á nígbà náà. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa.

Ọjọ́ Ajé, 8

Kí n kọ ohun tí mo ń bá figagbága sílẹ̀. Ẹyẹ yìí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí wọ́n ta epo sí i, ẹnu rẹ̀ náà pupa. Inú pápá ni wọ́n ti ń wá, níbi tí koríko bá ti so èso, wọn kì í dá rìn. Bí wọ́n bá ya akọ kúrò lọ́dọ̀ abo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ò ní sinmi nínú ilé nítorí igbe.

Bí akọ bá fẹ́ fẹ́ abo, á mú koríko kan tó gùn sẹ́nu, á na ọrùn, á wá máa fò sókè sódò lójú kan náà, koríko á máa mì lẹ́nu rẹ̀. Bàbá ní ilé ló ń fi hàn án, pé òun lè kọ́ ọ. Ọkọ tí èmi fẹ́, tí mo sì padà fi sílẹ̀ wá sílé bàbá mi, kò mú koríko kan ṣoṣo dání.

Ìtẹ́ wọn rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀. Wọ́n tún kọ́ òmíràn kékeré sórí rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí olè lè yọjú síbẹ̀ kó sì bá tirẹ̀ lọ. Tọkọtaya ló ń sàba, bí ọ̀kan bá dìde èkejì á wọlé.

Bàbá pè mí sídìí àgò láàárọ̀ yìí, ó kìlọ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́léósinmi sọ̀rọ̀. "Má fọwọ́ kan ìtẹ́ yìí. Má yọjú wò ó. Bí ọwọ́ èèyàn bá wọ ibẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ìhòòhò, wọ́n á gbé ọmọ jù síta ni. Olóńgo kì í dárí jini."

Mo ní mo ti gbọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 11

Jéró tún ti wọ́n. Ẹni tó ń tà á ní òjò ló fà á. Bí òjò ò bá rọ̀, á ní ọ̀dá ló fà á.

Jéró nìkan kò sì ní tó wọn bí wọ́n bá pamọ. Kòkòrò tútù ni ọmọ olóńgo ń jẹ, ikán ló sì fẹ́ràn jù. Nítorí náà, èmi télọ̀, tí aṣọ oníbàárà ń wo ojú mi lórí tábìlì, ni mo ń fi ọkọ́ ṣí ilẹ̀ ikán lẹ́yìn ilé. Mo kó wọn sínú agolo. Wọ́n gé mi lọ́wọ́ jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Wọ́n ti pamọ. A ò rí wọn, ohùn wọn la gbọ́, tín-ín-rín bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń ha gíláàsì. Bàbá jẹun tán láàárọ̀, ó ní kí n bu sí i. Ó ń súfèé. Ó bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀ títí, "ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú," ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Wọ́n ti da àwọn ọmọ síta. Gbogbo wọn ló wà nílẹ̀ àgò, pupa, ìhòòhò, ojú wọn kò tíì là. Ọ̀kan ṣì ń mí nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò pẹ́ tó fi dákẹ́.

Bàbá ní ariwo máṣíìnì mi ni. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń sin olóńgo, òun ò rí ẹyẹ tó lè tọ́mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ariwo yẹn. Mo bi í pé ìka ẹsẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Ìka wo? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lo ń bi ní ìbéèrè ìka?"

Ọjọ́rú, 17

Mo gbé máṣíìnì lọ sí kọ́rídọ̀ iwájú. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo rán ọwọ́ aṣọ ìyàwó tuntun kan sódì, mo tú u, mo tún un rán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ẹyin ti tún wà nínú ìtẹ́. Bàbá ló sọ fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i? Wọn kì í sọ̀rètí nù." Ìyẹn ni pé a tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo di orúnkún rẹ̀ mú. Ó ní kí n dìde, pé òun ti fún mi lọ́rọ̀ òun, àgbà kì í sọ̀rọ̀ méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ egbò ní dúdú náà ti kan ìka kejì. Ó fi gọ́ọ̀sì bò ó, ó fà mí sí kíṣìnì. "Ẹ gbé bàbá yín lọ. Irú ẹsẹ̀ yìí kì í dúró de èèyàn."

Mo bi í pé ṣé wọ́n lè gé e bí òun alára bá ní òun kò fẹ́. Ó ní rárá, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, àfi kí a bá a sọ̀rọ̀ kó yé e. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e débẹ̀ ná. Bí wọ́n bá débẹ̀ tán, wọ́n máa ń gbà."

Ìrẹsì ló wà lórí iná. Ó jóná mọ́ wa lójú níbi tí a dúró sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù keje

Wọ́n tún ti pamọ. Mo ṣí ilẹ̀ ikán tuntun lẹ́bàá ògiri. Mi ò rán nǹkan kan lónìí nítorí kí ẹnikẹ́ni má sọ pé máṣíìnì. Mo ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ nínú ilé tí mo ń gbá. Èmi ni mo ń dàníyàn jù báyìí, ju akọ lọ, ju abo lọ. Mo gbàdúrà fún ẹyẹ. Mo ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ jẹ́ kí ìyẹ́ wọn yá.

Ọjọ́bọ̀, 9



Oníbàárà tí mo gbé aṣọ lọ fún kò sí nílé, mo bá tètè padà. Mo gba ẹ̀yìn wọlé nítorí ẹrẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ táńkì omi ni mo ti rí Bàbá. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ tó ní kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èjìká ti àgò, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìtẹ́ dé ọrùn ọwọ́. Kò ṣe wàdùwàdù. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Tọkọtaya ń fò lu wáyà, wọ́n ń ké. Ó yọ ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn àgò, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó jókòó. Mo wá gbọ́ ohun tó sọ fún wọn.

Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi."

Mo padà sí ìta, mo lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nínú ilẹ̀ ikán. Gbogbo máṣíìnì tí mo gbé kiri. Òun ló kọ́ mi pé wọ́n á da ọmọ nù bí ọwọ́ èèyàn bá kàn wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, ohun tó sì mọ̀ ló ń lò.

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyá mi fi wọ ọsibítù, inú pósí la gbé e jáde. Láti ìgbà náà bí ẹnìkan bá dárúkọ ọsibítù, Bàbá á ní bí irin bá ti kan ara èèyàn, ẹran ló kù. Mo mọ̀ ọ́n. Kò dín ìbínú mi kù. Bàbá mi kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yìí, kì í ṣe lọ́wọ́ ìyá mi, kì í ṣe lọ́wọ́ èmi tí ó dójú tì níwájú àwọn àna mi. Ẹyẹ ló wá ń bẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Wọ́n dà wọ́n síta. Bàbá ló pè mí kí n wá wò ó, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lóòótọ́, mi ò rò pé ó ń díbọ́n. Èyí gan-an ló burú. Ó dùn ún.

Ó wo ojú mi. Ó ní, "Eku ni."

Mo wo ojú òun náà. Mo ní, "Eku ni, Bàbá."

Kí ni ǹ bá sọ? Pé "Bàbá, mo rí yín, ẹ̀rù ló ń bà yín"? Ẹnu tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹni, wọn ò fún mi ní irú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo mú káfíńtà wálé. Ó fi irin pẹlẹbẹ méjì sí ilẹ̀kùn àgò, ó sì kọ́ àgádágodo kékeré sí i. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn mi. Káfíńtà béèrè bóyá wúrà ni ẹyẹ yẹn ń yé.

Bàbá ń wò wá láti orí àga rẹ̀. Ìgbà tí káfíńtà lọ tán, ó ní, "Ta lo ń ti ilẹ̀kùn mọ́?"

Mo ní, "Eku, Bàbá."

"Eku kì í ṣílẹ̀kùn."

"Eku ilé yìí gbọ́n."

Ó wá ní kí n bu omi fún òun. Mo bù ú. Ó mu ún tán, ó dá ife padà fún mi, ó ní, "O ṣeun, ìyá mi." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn bí mo bá ti borí rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Akọ tún gbé koríko sẹ́nu, ó ń jó. Abo wò ó bí ẹni tó ti sú. Ṣùgbọ́n ẹyin wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ẹsẹ̀ ti ń rùn. Mo ra ọṣẹ olóòórùn dídùn, ó gbówó lórí ju ẹran lọ. Bàbá ń díbọ́n pé òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Èmi náà ń díbọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹjọ

Wọ́n pamọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi, mo fi wẹ̀, mo fi sùn.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wọn ò dà wọ́n nù. Ọmọ ti ń ké sókè gan-an báyìí.

Bàbá ní kí n ṣílẹ̀kùn kí òun yẹ ẹnu àwọn ọmọ wò. Mo ní rárá. Kò bínú. Ó wá ń ṣàlàyé fún mi láti ibi tó jókòó sí. Ó ní ọmọ olóńgo kì í na ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ yòókù. Ṣe ni wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ nínú ìtẹ́, wọ́n á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá la ẹnu. Ó ní àmì wà nínú ẹnu wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, òun ni ìyá fi ń mọ ibi tí á ju oúnjẹ sí nínú òkùnkùn. Ọmọ tí kò bá ní àmì yẹn, ebi á pa á kú lójú ìyá rẹ̀.

Mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Inú ń bí mi pé mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó mọ̀ báyìí nípa ọmọ ẹyẹ, kò mọ̀ pé ọmọ tòun ò tíì sùn dáadáa láti oṣù kẹfà.

Nọ́ọ̀sì kò bá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Ó kàn wẹ egbò, ó mi orí, ó lọ.

Ọjọ́rú, 19

Wọ́n ti fò!

Wọ́n jáde nínú ìtẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ẹnu wọn ṣì dúdú, ìrù wọn kò tíì gùn. Èkíní já bọ́ sínú abọ́ omi wọn, abo sì sáré tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó fi di ọ̀sán gbogbo wọn ti tò sórí igi ìbà kan nínú àgò, wọ́n fún ara wọn mọ́ra bí ẹ̀wù tí wọ́n ká sínú àpótí, akọ lápá kan, abo lápá kejì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A jókòó pọ̀ sí bàráńdà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń rùn láàárín wa.

Mo lọ aṣọ rẹ̀. Mo kó báàgì rẹ̀: tówẹ̀lì, bọ́rọ́ọ̀ṣì, sálúbàtà méjèèjì. Mo bá onítakisí àdúgbò wa sọ ọ́, ó ní òun á dé láàárọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 20

Onítakisí dé. Bàbá kò wọṣọ.

Ó ní, "Àwọn ọmọ kò tíì máa dá jẹun."

Mo ní, "Àdéhùn wa ni pé kí wọ́n fò."

"Wọ́n fò, wọ́n ṣì ń tọrọ jẹ. Fífò nìkan kọ́. Ọmọ tí kò bá lè dá jẹun, ọwọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ ló ṣì wà. Wọ́n á dá jẹun láìpẹ́, nígbà náà màá bá ọ lọ."

Mo ní, "Bàbá, a ń lọ lónìí."

Ó ní, "Mo ní rárá."

Ohùn yẹn. Ohùn tó fi ń lé wa wọlé nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹsẹ̀ mi dúró lójú kan. Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ pé, "Ó dáa, sà."

Onítakisí gba owó àárọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀lẹ́bí, mo lè bá yín gbé e o. Kò wúwo." Mo ní kó máa lọ.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá. Ó ní kí n fún Bàbá ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, pé kí n má bá àgbà fa ọ̀rọ̀ já. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún àánú. Ẹkún ìbínú ni, irú èyí tí eyín máa ń dun èèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa sùn.

Ọjọ́ Ajé, 24

Nọ́ọ̀sì ní dúdú yẹn ti gun ẹ̀yìn ẹsẹ̀. "Mo ti sọ tèmi. Ẹ gbé e."

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé bàbá ẹni? Láti ibo ni wọ́n ti ń dì í mú?

Ọjọ́rú, 26

Ní àárọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ń gbọ̀n, ó ń pe ìyá mi. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sáré pe onítakisí. Ó wọlé, ó na ọwọ́ kan sábẹ́ orúnkún, ọ̀kan sẹ́yìn, ó gbé Bàbá bí ẹní tí wọ́n ká, ó gbé e sínú ọkọ̀. Bàbá ní, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀." Onítakisí ní, "Ó dáa, Bàbá," ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.

Kò pẹ́ rárá, kò sì le. Ìyẹn ló ń dùn mí títí di báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 27

Dókítà kan náà ni. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo ìwé ti oṣù kẹfà, ó wo èmi. Ó ní nígbà yẹn ìka kan ni, báyìí ó ti di ìsàlẹ̀ orúnkún, bí a bá sì tún fi falẹ̀, ẹ̀mí ni. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló wà pẹ̀lú wọn nílé?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Bàbá gbà. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Wọ́n ti gé e. Ó yè é.

Mo sáré délé fún àwọn ẹyẹ níkòkòrò àti omi, mo tún sáré padà. Àwọn ọmọ ti ń dá jẹun. Wọ́n ń fọ́n jéró káàkiri ilẹ̀ àgò bí ọmọ ọlọ́rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹsàn-án

A délé. Onítakisí ló gbé e wọlé, Bàbá sì fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé kí ó lè máa rí àgò. Kò wo ibẹ̀. Ó ní kí n fa kọ́tìnnì.

Ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń dùn ún. Ó ní ìka tó kéré jù yẹn gan-an ló ń dun òun.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Bọ̀ọ̀dá dé, ó gbé èso sínú ọ̀rá, ó wọ bàtà tí kò yẹ fún ẹrẹ̀ wa. Ìgbà tó rí ibi tí bùláńkẹ́ẹ̀tì ti tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn orúnkún, ó jókòó lójijì sétí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé oúnjẹ fún wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń dúró de abọ́.

Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí?"

Bàbá ń jẹun. "Mo ní mi ò lọ."

"Ẹ ní ẹ ò lọ. Ṣùgbọ́n ara yín kò yá, ẹ̀rù ń bà yín, kò sí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ta ló wá gbà fún yín?"

Bàbá kò wo ibi tí mo wà. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe mi, bí èèyàn ṣe ń júwe ibi tí iyọ̀ wà.

"Òun náà ni. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ohùn tó rọ̀ yẹn ni, èyí tó fi ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá yíjú wò mí, òun tó ní kí n ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Ìwọ náà, ṣé o ò lè gbé e ni?"

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Bàbá ti ń nà mí nítorí pé mi ò gbọ́ràn. Mo dúró títí wọ́n fi jẹun tán. Mo kó abọ́, mo lọ fọ̀ ọ́.